Ilé-Ẹ̀kọ́ Sẹ́ńtì Títà Tí Mo Wá Dé Òkè Ìdáàṣà

Láti ìgbà tí mo ti dé ni wọ́n ti ń dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. "Tíṣà, ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ lọ sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ lọ wá ilé-ìwé tí kò sí?" Òótọ́ ni. Mọ́mì Tóyìn tí a jọ lọ ti ròyìn rẹ̀ káàkiri Abẹ́òkúta kí n tó tú ẹrù mi tán, ó sì ti fi iyọ̀ sí i dáadáa. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí n jókòó kọ ọ́ fúnra mi, kí ẹ lè gbọ́ ọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, kí ẹ sì bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó mú mi lọ, tó mú mi bọ̀, tó sì fi àṣìṣe mi la ọ̀nà fún mi.

Tíṣà ni mí ní ilé-ìwé àwọn Àgùdà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ yàrá àwòrán nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan níbí. Iṣẹ́ náà kò le: kí n jókòó, kí n ní kí àwọn ọmọ ilé-ìwé má fọwọ́ kan nǹkan, kí n sì ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń wò.

Àwòrán kan wà níbẹ̀ tí n kò rí àlàyé ṣe fún ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Bébà gbàǹgbà ni, ó fẹ̀ tó ojú tábìlì ìjẹun. Kò sí ojú ènìyàn níbẹ̀, kò sí igi, kò sí ẹranko. Èédú ni wọ́n fi pa á. Níbì kan ó dúdú kirikiri, níbòmíràn ó rí bí èéfín tó ń tú ká. Erùpẹ̀ pupa wà lára rẹ̀, ọ̀rá àbẹ́là kán sí i lójúlójú, wọ́n sì lẹ èèpo ẹ̀pà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ọn. Láti ìsàlẹ̀ dé òkè ni òwú elésè àlùkò kan ti ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ, tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gán mọ́ bébà náà. Fádà òyìnbó kan tó gbé ní Ìdáàṣà fún ìgbà pípẹ́ ló gbé e bọ̀ nígbà tó wá fi Abẹ́òkúta níbí ṣe ibi ìsinmi ọjọ́ ogbó rẹ̀. Ògiri yàrá rẹ̀ ló kọ́ ọ sí títí ó fi kú, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e fún wa.

Nígbà tí ọkọ mi kú, àdúrà kọ̀ lẹ́nu mi. Mo ń lọ sí Míísà, mo ń kúnlẹ̀, mo ń dìde, ṣùgbọ́n inú mi gbẹ. Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, tí kò sí àlejò kankan, mo jókòó níwájú àwòrán yẹn. Ojú mi ń tẹ̀lé òwú náà láti ìsàlẹ̀. Ó yà síbí, ó yà sọ́hùn-ún, ó tín-ín-rín bí ẹni pé ó fẹ́ já, kò já. Kí n tó mọ̀, "Mo kí ọ Màríà" ti ń jáde lẹ́nu mi. Mo sunkún dáadáa lọ́jọ́ náà, inú mi sì rọ̀. Mo wá sọ fún Ọlọ́run pé bí ẹni tó gán òwú yìí bá ṣì wà láyé, jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ni? Ìwé pélébé tó wà lábẹ́ àwòrán náà, Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́: Sans titre. Technique mixte. Dassa-Zoumè. Èmi kò gbọ́ Faransé, àmọ́ mo fi ọgbọ́n tíṣà tú u. Mo mọ̀ pé àwọn Faransé kì í pe Sẹ́ńtì bí àwa ti ń pè é, wọn kì í sì í pe gbogbo lẹ́tà tí wọ́n bá kọ. Sẹ́ńtì Títà nìyẹn. Tẹkiníìkì, ilé-ìwé iṣẹ́ ọwọ́. Míìsì, tọkùnrin tobìnrin ni wọ́n jọ ń kàwé níbẹ̀. Dassa-Zoumè, orúkọ tí wọ́n ń pe Ìdáàṣà. Kí ló tún kù? Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ọwọ́ Sẹ́ńtì Títà ló ṣe é. Ọkàn mi balẹ̀. Mo tilẹ̀ fi Sẹ́ńtì Títà kún àwọn ẹni mímọ́ tí mò ń bẹ̀ kí wọ́n gbàdúrà fún mi ní àràárọ̀.

ÌLÚ OLÓKÈ

Nígbà tí ìjọ wa ní àwọn fẹ́ ṣe ìrìn-àjò mímọ́ lọ sí ihò àpáta Ìyá wa Màríà ní Ìdáàṣà, èmi ni mo kọ́kọ́ nàwọ́. Mo lọ bá àwọn tó ń tẹ pátákó ìpolówó, wọ́n bá mi ya fọ́tò àwòrán náà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an. Mo ká a bí ẹní, mo fi ọ̀rá wé e. Mọ́mì Tóyìn ló jókòó tì mí nínú bọ́ọ̀sì. Opó ni bíi tèmi, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́ àfi tó bá sùn.

Ó ní, "Tíṣà, Màríà ò ní ẹní nílé ni?"

Ọ̀rọ̀ bọ́dà kò ní ohun tí ẹ ò tíì gbọ́, ẹ jẹ́ ká fò ó. Paouignan, ìlú kan lójú ọ̀nà Ìdáàṣà, ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ lára pé mo ti di àjèjì. Bí bọ́ọ̀sì ṣe dúró báyìí ni àwọn obìnrin rọ́ wá sójú fèrèsé pẹ̀lú gààrí, iṣu àti ọsàn bíbó. Mọ́mì Tóyìn na ìka sí gààrí, ó ní, "Èló?" Obìnrin náà dá a lóhùn ní Faransé. Mọ́mì Tóyìn ní, "Háà, ó wọ́n jù!" Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi èdè ilé rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan tó jọ tiwa tó fi jẹ́ pé gbogbo bọ́ọ̀sì ló gbọ́ ọ: pé màmá yìí kò gbọ́ iye tí òun pè, báwo ló ṣe mọ̀ pé ó wọ́n? A fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ẹ̀rín. Gààrí náà dára, ó funfun, ó kan dáadáa. Mọ́mì Tóyìn rà á ní iye tí wọ́n pè é.

Lẹ́yìn ibẹ̀ ni àwọn òkè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ẹ̀yin ọmọ Abẹ́òkúta, ẹ ò ní rí i kí ọkàn yín má fò. Àpáta ńláńlá jókòó sáàárín oko bí àgbàlagbà tó ń gbatẹ́gùn, ilé àwọn ènìyàn sì fara tì wọ́n láìbẹ̀rù. Èmi tí mo ti ń wo àpáta láti kékeré, ńṣe ló dà bí pé wọ́n bu lára ìlú wa lọ síbẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ náà sọ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ti dárúkọ Abẹ́òkúta, àgbàlagbà kan á ní ọ̀dọ̀ àwọn Ẹ̀gbá ni àwọn baba ńlá ọba àwọn ti wá, pé ẹ káàbọ̀ sílé.

Ní ti èdè, ó dà bí ìgbà tí rédíò kò bá dúró sójú kan: ọ̀rọ̀ kan á mọ́ kedere, méjì tó tẹ̀lé e á sá lọ. Ṣùgbọ́n kíkí wọn ló dùn mọ́ mi jù. Bí o bá dé, "bọn-arifé", ẹ káàbọ̀. Bí wọ́n bá bá ọ lórí ìjókòó, "bọn-asíìsì", ẹ kú ìjókòó. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹni tí o bá rí lánàá á ní "mẹ̀sí pu yẹ́ẹ̀", ìyẹn ni pé ẹ ṣé àná. Faransé ni wọ́n fi bò ó lára, àmọ́ nínú lọ́hùn-ún, kíkí tiwa ni. Àlejò tó bá gbọ́ irú èyí kò lè máa sunkún ilé.

Ní ihò àpáta Ìyá wa, èrò pọ̀ lọ jàra. Orin ń lọ ní Faransé, ní Fọ̀n, ní Ìdáàṣà, àwa náà sì gbé tiwa. N kò tíì rí ibi tí inú dídùn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ìyá, ẹ fi ọ̀nà Sẹ́ńtì Títà hàn mí."

ẸNI MÍMỌ́ TÍ WỌ́N Ń TÀ

Àwọn ọlọ́kadà ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní sẹmijáàn, kì í sọ pé àwọn ò mọ ibì kan. Mo ní Sẹ́ńtì Títà, ọ̀kan gbé mi lọ sí ilé-ìwé àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀. Òmíràn gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn kan tó ní orúkọ ẹni mímọ́ lára. Ẹ̀kẹta gbé mi dé àárín ọjà, ó ní kí n béèrè lọ́wọ́ Àlájà Sáfú, nítorí Àlájà gbọ́ gbogbo èdè.

Àlájà Sáfú ń ta abọ́ àti ìkòkò. Ọmọ Yorùbá ni, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ó tó ẹgbẹ́ mi, ó rí rọ̀bọ̀tọ̀, ó sì ní ojú tó máa ń rẹ́rìn-ín kí ẹnu tó bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá Nàìjíríà, ẹ káàbọ̀ o. Kí lẹ ń wá?"

"Ẹ ṣeun, Àlájà. Ilé-Ẹ̀kọ́ Sẹ́ńtì Títà."

"Títà, bíi ká tajà?"

"Rárá o. Sẹ́ńtì ni. Ẹni mímọ́."

"Ẹni mímọ́ tí wọ́n ń tà!" Ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀yin Àgùdà! Kékeré ni mo ti wà nídìí ọjà, mi ò rí irú ẹ̀ lórí àtẹ rí."

Mo tú àwòrán náà, mo fi ìwé pélébé tí a tẹ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn án. Ó mú awò ojú rẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó wò mí, ó tún un kà. Ẹ̀rín wá bẹ̀rẹ̀ láti ikùn rẹ̀ wá. Ó jókòó sórí ìkòkò kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó ń fi ìdí ìborùn nu ojú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kò sí ilé-ìwé níbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ ni pé kò lórúkọ."

"Kí ni kò lórúkọ?"

"Àwòrán náà. Sans titre, kò lórúkọ. Technique mixte, oríṣiríṣi nǹkan ni wọ́n pa pọ̀ fi ṣe é. Ó tán."

Mọ́mì Tóyìn, tí ọ̀kadà mìíràn ń gbé tẹ̀lé mi káàkiri, yíjú sí mi. "Tíṣà, ta lẹ wá ń bẹ̀ láàárọ̀ láàárọ̀ láti ọjọ́ yìí?"

Èmi náà rẹ́rìn-ín nítorí n kò mọ ohun tí mo tún lè ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò jìnnà. Gbogbo ọ̀nà tí mo ní, orí orúkọ yẹn ló dúró lé. Bọ́ọ̀sì wa yóò padà lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, àwa opó kì í sì í rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ lemọ́lemọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká àwòrán náà. Àlájà rí ojú mi, ẹ̀rín rẹ̀ dúró.

"Ta ló gbé e dé ọ̀dọ̀ yín?"

"Fádà òyìnbó kan ni. Ó ti kú. Irùngbọ̀n rẹ̀ dé àyà."

"Fádà Onírùngbọ̀n!" Ó dìde lórí ìkòkò. "Ṣebí ìyá mi ló ń ta ọṣẹ fún ẹni tó ń fọṣọ rẹ̀? Fẹlisité ni, ní abúlé Tré. Ó wà láyé. Obìnrin yẹn kò lè rí nǹkan nílẹ̀ kó má lẹ̀ ẹ́ mọ́ nǹkan mìíràn. Bí kì í bá ṣe òun, ẹ wá gba ìkòkò kan lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ mi."

Ó ní kí alájọtà rẹ̀ bá òun wo ìsọ̀. Mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ó ní, "Mo gbọ́dọ̀ mú yín lọ. Bí mo bá jẹ́ kí ẹ dá lọ, wọ́n á tún gbé yín lọ fi orúkọ sílẹ̀ ní ilé-ìwé télọ̀."

IYÁN MÀMÁ FẸLISITÉ

Ọ̀nà Tré pupa, oko iṣu sì wà lọ́tùn-ún lósì, ebè rẹ̀ ga dé ìbàdí. Ilé Màmá Fẹlisité fẹ̀yìn ti àpáta kan. A bá a lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń pa ẹ̀pà. Arúgbó tó gbó dáadáa ni, ó gbẹ, ó sì le, Rosárì wà lọ́rùn rẹ̀. "Bọn-arifé!" ló fi pàdé wa, ó sì fún wa lómi kó tó béèrè ibi tí a ti wá. Ìdáàṣà ló ń sọ. Bí Àlájà ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún mi ni mò ń kọ ọ́ yìí.

Àlájà ní Nàìjíríà ni a ti wá, inú Màmá dùn. Ó ní a jẹ́ Àgùdà, inú rẹ̀ tún dùn sí i. Mo wá tú àwòrán náà sórí ẹní níwájú rẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀pà. Ó wo èédú náà, ó wo èèpo ẹ̀pà. Nígbà tí ojú rẹ̀ kan òwú elésè àlùkò, ó yára gbójú kúrò.

"Ta ló rán yín wá?"

Ẹ wo bí ẹnu mi ṣe ba nǹkan jẹ́. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé ènìyàn gidi ni wá, mo bá ní, "Ìjọ wa ni, Màmá. Bíṣọ́ọ̀bù wa gan-an ló súre fún wa kí a tó gbéra."

"Bíṣọ́ọ̀bù." Ó ti ojú rẹ̀ pa bí ẹni ti ilẹ̀kùn. "N kò mọ̀ ọ́n. N kò rí i rí."

"Màmá, ẹ tún un wò dáadáa," ni Àlájà wí.

"Ojú mi kò ríran mọ́."

Bẹ́ẹ̀ sì ni ó ń rí eṣinṣin lójú ẹ̀pà láti òkèèrè, ó ń lé e. Mo ní kí n ṣàlàyé, ó ní kí a jẹ́ kí òun wá oúnjẹ fún àlejò. Kò sí bí a ṣe bẹ̀ ẹ́ tó. Ó pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, wọ́n gún iyán. Ẹ̀yin ará mi, mo ti jẹ iyán káàkiri, n kò jẹ irú èyí. Ó funfun, ó fà, kò ní kókó kan. Ọbẹ̀ ẹ̀pà ló bù sí i, wàrà díndín sì wà nínú rẹ̀ dípò ẹran. Mọ́mì Tóyìn dákẹ́ láìsùn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo rí i bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Màmá ń bù ú fún wa, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń béèrè ọmọ wa, ṣùgbọ́n kò tún wo ibi tí àwòrán náà wà.

Lọ́nà, Àlájà ń bínú. "Òun ni! Ẹ ò rí ọwọ́ rẹ̀?"

"Mo rí i. Ẹ̀rù ló ń bà á."

"Ẹ̀rù kí ni?"

N kò mọ̀. Mo mọ̀ ṣáá pé mo ti rí ẹni tí mò ń wá, mo sì ń lọ láìdúpẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, mo padà sí ihò àpáta Ìyá wa. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò ké pe Sẹ́ńtì Títà.

Ẹ ṢÉ ÀNÁ

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo wẹ̀, mo wé gèlè. Mọ́mì Tóyìn ń di ẹrù.

"Tíṣà, ibo tún ni? Bọ́ọ̀sì ò ní dúró dè yín o."

"Mo jẹ iyán obìnrin yẹn lánàá. Mi ò tíì lọ dúpẹ́ àná."

Ó ya ẹnu láti jiyàn, ó pa á dé. Kí ló fẹ́ sọ? Ilé ẹni tó fún ọ lóúnjẹ kò jìnnà sí ọ, o wá fẹ́ kọjá lọ láìkí i láàárọ̀? Ó ju ẹrù sílẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká jọ lọ. Èmi ni mo jẹ ẹ́ jù." Nígbà tí a yà sí ọjà, Àlájà Sáfú kò tilẹ̀ béèrè ohun tí a tún fẹ́ lọ ṣe. Ó ti ìsọ̀ rẹ̀, ó bọ́ sókè ọ̀kadà.

Màmá Fẹlisité ń gbálẹ̀ nígbà tó rí wa. Ó dúró, ó di ọwọ̀ mú bí ẹni tó fẹ́ dènà. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá.

"Màmá, ẹ ṣé àná o."

Àlájà kò túmọ̀ ìyẹn. Kò nílò ìtumọ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin kò tíì padà sílùú yín?"

"Òní ni a ń lọ, Màmá. Ṣùgbọ́n a jẹun níbí lánàá."

"Nítorí iyán lẹ ṣe tún wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Bébà yẹn ńkọ́?"

"Ó wà nínú báàgì. Ìyẹn náà, àná ni, Màmá. Ẹ ṣe é fún mi láìmọ̀, mo jẹ níbẹ̀, mo sì yó. Àná yẹn kàn jìnnà díẹ̀ ni."

Mo wá sọ fún un bí ọkọ mi ṣe kú, bí àdúrà ṣe kọ̀ lẹ́nu mi, àti bí mo ṣe tẹ̀lé òwú náà lọ sókè lọ́jọ́ òjò. Bí Àlájà ṣe ń túmọ̀ ni ohùn òun náà ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Màmá gbé ọwọ̀ ti igi máńgòrò, ó jókòó.

"Wọn kò ní gba òwú náà padà?"

"Òwú wo, Màmá?"

"Òwú aṣọ Lẹ́ńtì Fádà!"

Gbogbo rẹ̀ wá tú jáde. Ó ń fọ aṣọ tí Fádà fi ń ṣe Míísà nígbà Lẹ́ńtì, ó rí òwú kan tó yọ létí rẹ̀, ó fà á kó lè já. Kò já. Ó fà á sí i, ó ń bọ̀. Ó lẹ́wà lójú òun, ó ń dán nínú oòrùn, òun bá ń fà á lọ títí gbogbo ìṣẹ́tí aṣọ náà fi tú. Gbogbo Lẹ́ńtì yẹn, Fádà ń gòkè pẹpẹ pẹ̀lú ìṣẹ́tí tó ń wọ́lẹ̀, ìjọ ń wò ó, òun Fẹlisité ń wo ilẹ̀. Òun fi òwú náà sí ara bébà òun. Lọ́jọ́ kan Fádà rí bébà náà, ó wò ó títí, ó sì tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ òun láìsọ ìdí. Kò pẹ́ tó fi kó ẹrù, tó lọ.

"Mo ní ó ti gbé e lọ fi han Bíṣọ́ọ̀bù," ni Màmá wí.

Àlájà gbé ọwọ́ lé orí. "Láti ìgbà náà?"

"Bí Bíṣọ́ọ̀bù bá wá sí Tré, ẹ̀yìn pátápátá ni mo máa ń jókòó sí."

Mọ́mì Tóyìn ni ẹ̀rín kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, lẹ́yìn náà Àlájà, lẹ́yìn náà Màmá fúnra rẹ̀, tó fi ọwọ́ bo ẹnu bí ọmọdébìnrin. Nígbà tí a dákẹ́, mo sọ ohun tó kù fún un. "Màmá, Fádà kò fi han ẹnikẹ́ni. Ògiri yàrá rẹ̀ ló kọ́ ọ sí, níbi tí ojú rẹ̀ ti lè rí i lórí ibùsùn. Ibẹ̀ ló wà títí tó fi kú."

 Màmá fi àtàǹpàkò nu Rosárì ọrùn rẹ̀. Ó wá dìde, ó ní, "Ẹ gbé e. Ẹ tẹ̀ lé mi."

LÓRÍ ÀPÁTA

Àpáta tó wà lẹ́yìn ilé náà ni ó gùn, láìdi nǹkan kan mú. Èmi ń mí hẹlẹhẹlẹ, Mọ́mì Tóyìn ń pe orúkọ Jésù, Àlájà ń pe Ọlọ́run ní Lárúbáwá, Màmá ti wà lókè tó ń dúró dè wá. Gbogbo Tré wà nísàlẹ̀, oko àti òrùlé páànù, àwọn òkè mìíràn sì tò lọ títí wọ́n fi di àwọ̀ èéfín.

Ó gba àwòrán náà lọ́wọ́ mi, ó tẹ́ ẹ sórí àpáta, ó sún un síwájú, ó yí i díẹ̀. "Ẹ wò ó."

Mo wò ó. Ibi tí èédú ti dúdú, ibẹ̀ ni àpáta ti wú. Ibi tó ti rí bí èéfín, ibẹ̀ ni ó ti dán. Ibi tí èèpo ẹ̀pà wà, ewédò gbígbẹ ló lẹ̀ mọ́ àpáta níbẹ̀. Pàlàpálá kan sì wà lára àpáta náà, tó bẹ̀rẹ̀ létí bébà ní ìsàlẹ̀, tó tún jáde létí rẹ̀ lókè. Ọ̀nà tí òwú náà gbà lórí bébà, ọ̀nà rẹ̀ gan-an ni.

"Bébà ni mo tẹ́ síbí, mo fi èédú ra á, òkè yọ sí i fúnra rẹ̀. Inú pàlàpálá yìí ni omi òjò máa ń gbà wálé wa. Ọ̀nà omi ni òwú náà."

Ọ̀nà omi, ọjọ́ òjò. 

Mo ṣáà rántí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi. "Màmá, èwo ni orí rẹ̀? Bí a ṣe kọ́ ọ, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni?"

"Ẹ kọ́ ọ síbo?"

"Sí ara ògiri."

"Ẹ gbé òkè kọ́ ògiri?" Ó wo Àlájà bóyá ó túmọ̀ rẹ̀ dáadáa. "Fádà náà, àìsàn ló ń ṣe é, mo gbà fún un. Ẹ̀yin tí ẹ lẹ́sẹ̀ ńkọ́? Ilẹ̀ ló tẹ́ sí, ẹ máa rìn yí i ká!"

Mo ní a fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, kí gbogbo ayé mọ ẹni tó ṣe é. Ó gbà. Mo ní, àwòrán náà fúnra rẹ̀ ńkọ́, orúkọ wo ni ká pè é? Ó ní kí ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀? Kí n tó dáhùn, Àlájà Sáfú ti gba ọ̀rọ̀ náà. Ó sọ ti Sẹ́ńtì Títà, ó sọ ti ilé-ìwé iṣẹ́ ọwọ́ tọkùnrin tobìnrin, ó sọ ti àdúrà àràárọ̀, ó sì fi ti ilé-ìwé télọ̀ kún un. Màmá Fẹlisité rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpáta, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tó nu ojú tán, ó ní, "Ẹ kọ orúkọ ilé-ìwé yẹn sí i."

"Màmá, àwàdà ni o. Àṣìṣe mi ni."

"Ẹ kọ ọ́. Wọn kò rán mi ní ilé-ìwé rí. Ó dára kí n ní ọ̀kan."

NÍLÉ

Bọ́ọ̀sì dúró dè wá, àwọn ará ìjọ sì kùn sí wa dé Paouignan, níbi tí gààrí ti tù wọ́n nínú. Iṣu tí Màmá Fẹlisité dì fún mi ṣì kù nílé. Ẹ wá jẹ níbẹ̀.

Ọ̀gá wa ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé gbọ́ ìtàn náà títí dópin, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní kí wọ́n wá tábìlì kan. Orí tábìlì ni àwòrán náà wà báyìí, lábẹ́ gíláàsì, láàárín yàrá. Àwọn ọmọ ilé-ìwé kò dúró lójú kan níwájú rẹ̀ mọ́, wọ́n ń yí i ká, wọ́n ń fi ìka tẹ̀lé òwú náà lórí gíláàsì, n kò sì ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án mọ́. Ìwé tuntun ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Yorùbá la fi kọ ọ́: Ilé-Ẹ̀kọ́ Sẹ́ńtì Títà. Fẹlisité, ará Tré, ní Ìdáàṣà, ló ṣe é pẹ̀lú òkè ẹ̀yìnkùlé rẹ̀.

Tí mo bá ṣí ilẹ̀kùn yàrá náà láàárọ̀, kí n tó gbé báàgì mi sílẹ̀, mo máa ń dúró létí tábìlì náà díẹ̀.

"Màmá," ni mo máa ń wí, "ẹ ṣé àná o."